Ojú Tó Pọ́n Kọ́ Ló Máa Ń Fọ́

Bí Àpólò bá wọ ilé olójúlé mẹ́wàá ní Mushin, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀. Ojú á pọ́n bí epo, ìpin á lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀, àwọn tó ń bọ̀ lókèèrè á sì ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́dún 1969 ni ọ̀kan tó le nínú irú àrùn yìí jà ní Ghana, ọdún kan náà tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á, ọwọ́ àti tówẹ̀lì ló sì máa ń bá rìn. Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ọṣẹ́ rẹ̀ lọ, torí awọ tó bo funfun ojú níta ló ń bá jà. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti lọ. Àmọ́ ojú tó pọ́n, tó ń roni gidi, tí ìríran rẹ̀ sì ń ṣú, ìyẹn kì í ṣe Àpólò lásán, dókítà ojú ló kàn.

Àwọn àrùn tó ń fọ́ ojú kì í sábà pariwo.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba iwájú ojú tó mọ́ gaara wọlé, á gba ọmọlójú kọjá, á kan lẹ́ńsì. Lẹ́ńsì á kó o jọ sórí awọ tó tẹ́ ẹ̀yìn ojú nínú, iṣan kan á sì gbé ohun tí awọ náà rí lọ sí ọpọlọ. Ibi tí àrùn bá ti dènà lójú ọ̀nà yìí ló ń sọ irú ohun tí èèyàn ò ní rí mọ́.

Ìyálọ́jà tó ń na fóònù jìnnà sójú ní Balógun kó tó lè ka iye owó tó wọlé kò ní àrùn kankan. Bí èèyàn bá ti ń lé ní 40 ọdún, lẹ́ńsì á máa le, kò ní lè tẹ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́. Awò ojú ni oògùn rẹ̀.

Ti cataract yàtọ̀. Lẹ́ńsì tó mọ́ bí omi tẹ́lẹ̀ á wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó kọjá tààrà á sì máa fọ́n ká. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lórí Third Mainland Bridge lálẹ́ á máa ṣépè fún iná ọkọ̀ tó ń bọ̀. Oníléèsì á mú búlúù tó ṣú fún oníbàárà tó béèrè dúdú, á tún bá a jiyàn. Ohun tó máa ń tan ẹbí jẹ ni pé ìyá àgbà tó ti ń lo awò láti ọjọ́ pípẹ́ lè ṣàdédé jù ú sílẹ̀, kó máa ka Bíbélì tàbí Kùránì geerege. Gbogbo ilé á dúpẹ́. Lẹ́ńsì tó ń yí padà ló jẹ́ kó rí ohun tó sún mọ́ ọn. Oṣù díẹ̀ sí i, ìyẹn náà á ṣú.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, cataract ló wà nídìí 43% àwọn afọ́jú tó ti pé 40 ọdún sókè. Ó ṣeni láàánú, torí ó ṣeé tún ṣe. Kò sí oògùn kíkán tó ń yọ́ ọ. Wọ́n á la ojú díẹ̀, wọ́n á yọ lẹ́ńsì tó dí, wọ́n á fi oníke sípò rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì náà sẹ́yìn nínú ojú. Aláìsàn á ríran lọ́jọ́ náà, wọ́n á gba owó, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn wọn ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ìtọ̀ ṣúgà máa ń jẹ òpó ẹ̀jẹ̀ tíńtìntín tó wà lára awọ ẹ̀yìn ojú, ẹ̀jẹ̀ á máa jò síbẹ̀. Àmì tó rí bí eṣinṣin lè máa fò níwájú ẹni tó ní in, tàbí kó má rí àmì kankan rárá títí tí nǹkan fi bàjẹ́.

Glaucoma ló burú jù nínú gbogbo wọn. Omi kan wà tí ojú ń ṣe sínú ara rẹ̀, kì í ṣe omijé. Tọ̀sán-tòru ló ń sun, tó sì ń gba igun ojú nínú ṣàn jáde. Ẹni tó bá mọ gọ́tà Èkó mọ èyí tó kù: omi ń bọ̀, ojú ọ̀nà ti dí. Agbára omi náà á máa ga. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n, wọ́n ní 10 sí 21 mmHg ló dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹlòmíì ń bàjẹ́ láìkọjá 21. Iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń forí fá a. Fọ́nrán bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bá sì kú níbẹ̀ kì í jí.

Oògùn ojú tó ní steroid, èyí tó ń mú kí pípọ́n àti wíwú rọlẹ̀, náà máa ń gbé agbára yìí sókè. Àwọn kan rà á nígbà Àpólò, ojú wọn mọ́ kíákíá, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń kán lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbẹ́ ni glaucoma sábà máa ń gbà wọ àárín. Awakọ̀ dánfó tó ń bá jà lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ iwájú ketekete, kó sì máa gbá dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì ní Ojúẹlẹ́gbà. Á ní ọlọ́kadà ṣàdédé yọ sí òun ni. Kò purọ́. Kò rí òkùnkùn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, torí ọpọlọ máa ń fi ohun tó wà nítòsí dí àlàfo náà, ojú kejì á sì máa bo àṣírí èkíní.

Ní ilé ìwòsàn ojú, bíi Guinness Eye Centre tó wà ní LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tú àṣírí yìí. Wọ́n á gbé àgbọ̀n awakọ̀ náà lé ẹnu ohun kan tó rí bí abọ́ funfun ńlá, wọ́n á dí ojú kan, wọ́n á ní kó tẹjú mọ́ iná àárín. Iná wẹ́wẹ́ á máa tàn níbí, á máa kú lọ́hùn-ún. Bó bá ti rí ọ̀kan, kó tẹ bọ́tìnì. Á tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà á jókòó, á máa dúró. Á rò pé ẹ̀rọ ló kú. Iná ṣì ń tàn.

Gbogbo ibi tí iná ti tàn tí kò rí i ló máa ń jáde ní dúdú lórí ìwé. Oògùn tí wọ́n á kọ fún un, ojoojúmọ́ ni yóò máa kán an, kò sì ní dá èyí tó ti lọ padà. Èyí tó kù ló wà fún. Lẹ́yìn náà ni dókítà á bi í pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí, torí àrùn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, àwọn náà gbọ́dọ̀ wá.