Bẹ́ńṣì Ọ̀rẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé Sìmbábúè

Friendship Bench, ìyẹn Bẹ́ńṣì Ọ̀rẹ́, jẹ́ ètò ìtọ́jú nípa ọ̀rọ̀ sísọ fún àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní orílẹ̀-èdè Sìmbábúè. Àwọn ìyá àgbà ló ń ṣe é, kì í ṣe dókítà. Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006 ní Mbare, àdúgbò kan ní ìlú Harare. Ìyá àgbà 14 ló kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́. Kò sí yàrá fún wọn nínú ilé ìwòsàn, ni wọ́n bá gbé bẹ́ńṣì onípákó síta.

Àwọn Shona, ẹ̀yà kan ní Sìmbábúè, ń pe ìdààmú ọkàn ní kufungisisa, ìyẹn kéèyàn máa ronú jù. Yorùbá náà á ní ìrònú ń pa lágbájá. Orúkọ yìí ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ọpọlọ ló ń dà á láàmú lè má padà wá mọ́.

Ìbéèrè 14 lédè Shona ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi aláìsàn: ṣé kì í rí oorun sùn, ṣé ó ń sunkún, ṣé inú ń run ún. Lẹ́yìn náà ni kuvhura pfungwa, ṣíṣí ọkàn. Aláìsàn á ka gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, á sì mú ẹyọ kan: bóyá bó ṣe máa sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ní HIV, tàbí ibi tí owó ọkọ̀ tó máa fi wá gba oògùn yóò ti wá. Ìyá àgbà kì í pàṣẹ fún un. Ìbéèrè ló ń bi í títí aláìsàn fúnra rẹ̀ á fi rí ohun tó lè ṣe kó tó padà wá. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n máa ń jókòó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, wọ́n á tètè fà á lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́.

Ìwádìí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2016 kó ènìyàn 573 jọ láti ilé ìwòsàn 24 ní Harare. Bíi 4 nínú 10 wọn ló ní HIV. Lẹ́yìn oṣù 6, ìdá 13.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì ló ṣì ní àmì àárẹ̀ ọkàn. Láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdá 49.9 ni.

Lẹ́yìn ìjókòó orí bẹ́ńṣì, ẹni tó bá fẹ́ lè wọ ẹgbẹ́ Circle Kubatana Tose. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ̀rá àtijọ́ hun báàgì, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.