Àṣẹ́kù Ogún Kì í Ṣe Àjẹkù

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé ìhágún tí àwọn tí ń túmọ̀ òfin sí èdè Yorùbá ti fi ojú rẹ̀ rí màbo. Òun ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní residue, ìyẹn gbogbo ohun ìní olóògbé tí ó bá wà nílẹ̀ lẹ́yìn tí a ti sin ín, tí a ti san gbèsè rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tí ó dárúkọ ohun kan pàtó fún sì ti gba tirẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní “àjẹkù ogún”, mo ti rí “èérún ogún”, mo sì ti rí “rẹsidúù”, tí ìyá àgbà yóò gbọ́ tí yóò béèrè pé ṣé oògùn ibà ni. Àṣẹ́kù ogún ni èmi ń kọ, n kò sì ní yí i padà.

Ohun tí ẹnu ti kàn ni à ń pè ní àjẹkù. Kò sí ọmọlúàbí tí yóò gbé e fún àlejò. Bí bàbá kan bá wá kọ ọ́ pé òun fi àjẹkù ogún òun ta ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́rẹ, ó ti bú wọn kí ó tó fún wọn. Èyí tí ó tilẹ̀ dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà ń tan ènìyàn jẹ ní ti bí ohun náà ti pọ̀ tó, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ àjẹkù tàbí èérún yóò rò pé díẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìhágún, òun gan-an ni ó tóbi jù. Alfred Nobel, ará Sweden tí ó ṣe dáínámáìtì, buwọ́ lu ìwé ìhágún rẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1895. Ó kọ́kọ́ dárúkọ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́, ó sì sọ iye tí oníkálukú yóò gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n fi gbogbo èyí tí ó bá ṣẹ́ kù dókòwò, kí wọ́n sì máa fi èrè rẹ̀ ta àwọn tí ó bá ṣe aráyé lóore lọ́rẹ lọ́dọọdún. Èyí tí ó ṣẹ́ kù náà lé ní mílíọ̀nù 30 kírónà, owó ilẹ̀ Sweden. Inú àṣẹ́kù yẹn ni Ẹ̀bùn Nobel tí Wọlé Ṣóyínká gbà ní 1986 ti wá, n ò sì mọ ẹni tí yóò pe ìyẹn ní àjẹkù.

Àwọn tí ń kọ “ìyókù ogún” ni mo lè bá jókòó sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn mọ́, àmọ́ kò dá dúró. Ìyókù máa ń wo ojú ohun tí a dárúkọ ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn bíi “mo há ilé mi tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde fún Àìná, ìyókù jẹ́ ti Táíwò”. Ìyókù kí ni? Ṣé ìyókù ilé ni, àbí ìyókù ohun gbogbo tí bàbá ní, títí kan owó ilé ìfowópamọ́? Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lè gbé ọmọ ìyá méjì lọ sí kóòtù. Àṣẹ́kù ogún, ní tirẹ̀, jẹ́ orúkọ fún ohun kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ fi àjẹṣẹ́kù bi mí pé ṣé kò sí jíjẹ nínú rẹ̀, kí ó rántí pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí tí ó rò pé ilé ìjẹun ni. Owó tí a ṣọ́ títí ó fi ṣẹ́ kù ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.

Bí ohun náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbò Iléyá wò ó. Alápatà kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, itan kan ti ní orúkọ, ti àna ni. Apá kan ti ní orúkọ, ti ẹ̀gbọ́n bàbá ni. Gbogbo ẹran tí a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni sí ni ó wọ inú agbada, òun ni ilé àti àdúgbò yóò jẹ. Bí àgbò bá sanra, agbada yóò kún. Bí ó bá rù, itan àna ṣì ń lọ sọ́dọ̀ àna, inú agbada ni ìyà náà yóò ti hàn. Bí àna bá sì ti kú ṣáájú ọdún, inú agbada náà ni itan rẹ̀ ń bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àṣẹ́kù ogún: inú rẹ̀ ni a ti ń kọ́kọ́ san gbèsè, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn tí kò rí ẹni gbà á ń wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú ẹbí, tí ó sì fẹ́ ṣe ìtọrẹ àánú, nìyí. Ọ̀pọ̀ wa ń kọ iye owó kan gúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ aláàánú, a sì ń fi àṣẹ́kù sílẹ̀ fún ọmọ. Bí iye náà bá pọ̀, tí gbèsè sì jẹ ogún náà, àwọn ọmọ ni yóò wo agbada òfìfo. Bí ó bá kéré, náírà yóò ti sọ ọ́ di yẹpẹrẹ kí ọlọ́jọ́ tó dé: ₦50,000 tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ ní 2005 lè ra àpò ìrẹsì mélòó kan nígbà náà, ní 2024 kò ra odidi àpò kan. Ohun tí ó mọ́gbọ́n dání ni pé kí a pín àṣẹ́kù náà ní ìdá, kí ẹbí àti àánú jọ gòkè, kí wọ́n sì jọ sọ̀. Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ ọ́: “Lẹ́yìn ìsìnkú mi, lẹ́yìn gbèsè mi, àti lẹ́yìn àwọn ẹ̀bùn tí mo ti dárúkọ lókè, mo há gbogbo àṣẹ́kù ogún mi, ohun yòówù tí ó bá jẹ́ àti ibi yòówù tí ó bá wà: ìdá 9 nínú 10 fún àwọn ọmọ mi lọ́gbọọgba, àti ìdá 1 nínú 10 fún ẹgbẹ́ aláàánú tí mo dárúkọ nísàlẹ̀ yìí.” Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé òfin ẹ̀sìn rẹ̀ mọ̀ pé ọrẹ àánú àti ẹ̀bùn fún ẹni tí kì í ṣe ajogún kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta. Ilẹ̀ ẹbí tí a kò tíì pín kò sì sí nínú àṣẹ́kù ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ó há ilé àti mọ́tò, tí ó wá gbàgbé láti há àṣẹ́kù, ti fi ìlàjì iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí àṣà ń darí ogún rẹ̀, àríyànjiyàn ìdí-igi àti orí-ò-jorí yóò gbérí: ṣé iye ìyàwó ni a ó fi pín in ni, àbí iye ọmọ? Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé iwájú Privy Council, kóòtù ìkẹyìn wa nígbà náà, ní London ní 1962 lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ìdí-igi ni ó sì borí. Nínú irú pípín bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ aláàánú kò ní ìdí-igi kankan.

Bí a bá ń dárúkọ ẹgbẹ́ aláàánú, kí a kọ orúkọ tí ó fi wà nínú ìwé àjọ CAC ní Àbújá, àjọ tí ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́lẹ́, kí a má kàn kọ “àwọn aláìní”. Nobel kò ní ẹgbẹ́ kankan nílẹ̀ tí yóò gba owó rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1896, díẹ̀ nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bá ìwé náà jà, 1900 ni wọ́n tó dá àjọ tí ń bójú tó o sílẹ̀, 1901 ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó jáde. Kí a sì dárúkọ ẹgbẹ́ kejì, bí èkíní bá ti túká kí a tó kú.

Ní Èkó, òfin fún ọkọ, aya àti ọmọ láyè láti lọ sí kóòtù láàárín oṣù mẹ́fà tí próbéètì, ìyẹn ìwé tí kóòtù fi ń fọwọ́ sí ìwé ìhágún, bá jáde, bí olóògbé kò bá ṣe ètò tí ó tó fún wọn, nítorí náà kí ẹni tí ó fẹ́ fi àṣẹ́kù tí ó pọ̀ ṣàánú kọ́kọ́ rí i pé ilé yó. Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ó bá ń buwọ́ lùwé, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń jogún nínú rẹ̀ tàbí ọkọ tàbí aya ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé náà yóò dúró, ṣùgbọ́n ohun tí a há fún wọn yóò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, inú àṣẹ́kù ni yóò sì bọ́ sí.