“Mo ti gbé e láti 110 dé 117”: kí ni ọkùnrin inú fídíò yẹn ń sọ gan-an?

Fídíò kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Abẹ́òkúta láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan dúró ti báìkì Harley-Davidson ńlá kan ní Òkè-Ìléwó, ó ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ni: “Mo ti gbé e láti 110 dé 117.” Iye tó dá lé e tó ra ọ̀kadà tuntun mélòó kan. Ni ariwo bá sọ. Ọlọ́kadà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, 100 ni Bájájì tèmi. Ṣé mẹ́wàá péré ni tolówó fi ju tèmi lọ ni?” Ìbéèrè rẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ìwọ̀n kan náà ni 100 ti Bájájì àti 110 ti Harley?

Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá. 100 ti Bájájì, “cc” ni, ìyẹn àyè tí písítìnì ń gbá nínú sílíńdà. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í fi cc ka ti Harley, “cubic inch” ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn àyè tó jẹ́ ínǹṣì kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga; ẹyọ kan nínú ìwọ̀n tiwọn yìí sì ju cc 16 lọ. Bí ẹ bá sọ 110 di cc, 1,802 ló máa já sí. Ẹ́ńjìnnì 1.8 ló wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla tó ń rìn nígboro. Ọkùnrin yẹn gbé ẹ́ńjìnnì Corolla há sáàárín itan ni.

Méje tó fi kún un wá ńkọ́? Ó lé ní cc 114. Méje yẹn nìkan ju odindi ẹ́ńjìnnì Bájájì lọ.

Mo ti rí písítìnì méjèèjì lórí tábìlì kan ní ìsọ̀ mẹ́káníìkì ní Láfẹ́nwá. Ti ọ̀kadà kò fẹ̀ ju agolo mílíìkì olómi kékeré lọ. Ti Harley fẹ̀ tó agolo mílíìkì oníyẹ̀fun. Ọmọṣẹ́ tó ń fọ̀ ọ́ ní tí òun bá fi bu gààrí, òun á yó.

Àbí kìlómítà 117 ló ń sá ni?

Rárá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Corolla bàbá yín náà á yà á sílẹ̀.

Wọ́n ní Harley inú fídíò yẹn, “custom” láti ilé iṣẹ́ ni. Kí ni ìyẹn?

Láti 1999 ni Harley ti ń ya àwọn báìkì kan sọ́tọ̀, CVO ni wọ́n ń pè é. Dípò kí èèyàn ra báìkì tán kó tún máa wá ẹni tó máa kùn ún àti ẹni tó máa fi irin dídán sí i, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣe é tán, wọ́n sì máa ń fi ẹ́ńjìnnì tó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí i. Lára báìkì ìrìn-àjò tọdún 2007, àwọn oní-àpótí ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, 96 ni àwọn tó kù ń lò nígbà tí CVO ti ń lo 110. Ẹ wò ó bí agbádá tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ sí lọ́rùn kí ẹ tó dé ìsọ̀. Iye rẹ̀ náà, iye agbádá oníṣẹ́ ọwọ́ ni.

Tó bá ti ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ló tún ń wá?

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lé e bá. Láti ara báìkì tọdún 2017 ni Harley ti gbé ẹ́ńjìnnì tuntun wọlé, Milwaukee-Eight: 107 ni ti gbogbo èèyàn, 114 tẹ̀lé e. CVO bọ́ sí 117 ní 2018, ó sì bọ́ sí 121 ní 2023. Ẹni tó fi owó ńlá ra 110 kò fẹ́ kí báìkì tí kì í ṣe “custom” máa da eruku sí òun lójú. Ìgbéraga nìkan kọ́ ṣá o. Báìkì náà ń lọ sí bíi 400 kg kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ẹ gbé ìyàwó àti ẹrù lé e, kí ẹ wá kọjú sí òkè Abẹ́òkúta.

Báwo ni 110 ṣe ń di 117?

Wọn kì í fọwọ́ kan kíráńkì. Sílíńdà àti písítìnì ni wọ́n ń pààrọ̀: èyí tó fẹ̀ ní 101.6 mm á kúrò, èyí tó fẹ̀ ní 104.8 mm á wọlé. Ohun tó fi fẹ̀ sí i kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan.

Àmọ́ ikùn tó fẹ̀ fẹ́ oúnjẹ púpọ̀. Wọ́n á pààrọ̀ fítà kó lè mí dáadáa, wọ́n á pààrọ̀ sàlẹ́ńsà kí èéfín lè ríbi jáde, wọ́n á pààrọ̀ kámúṣáàfù tó ń ṣí fáàfù tó ń tì í. Kílọ́ọ̀ṣì náà gbọ́dọ̀ le sí i, kó má baà máa yọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni iṣẹ́ tí ojú kì í rí: kọ̀ǹpútà tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo kò mọ̀ pé ohunkóhun ti yí padà. Tí ẹ ò bá tún un kọ́, afẹ́fẹ́ á pọ̀, epo á kéré, iná inú rẹ̀ á gbóná kọjá ààlà, písítìnì á sì lu ihò. Wọ́n máa ń gbé báìkì sórí ẹ̀rọ onírólà, táyà á máa yí lórí rẹ̀, wọ́n á sì máa tún iye epo ṣe títí yóò fi bára mu.

Ṣé mẹ́káníìkì ọ̀kadà wa lè ṣe é?

Ọwọ́ wọn kò kéré. Mo ti rí ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì Bájájì palẹ̀ tó sì tò ó padà kí àmàlà òun tó tutù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì orí sílíńdà Harley ní bí wọ́n ṣe ń tò ó tẹ̀ léra àti bó ṣe gbọ́dọ̀ le tó. Sípánà tó ń ka ìwọ̀n ni wọ́n fi ń dè é, kì í ṣe “ó ti tó, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n”. Ẹ bi í méjì: ṣé ó ní sípánà yẹn, ta ló sì máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀? Tó bá ní kọ̀ǹpútà á mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, ẹ gbé báìkì yín kúrò níbẹ̀.

Epo wa ńkọ́?

Epo 91 ni Harley ní kí wọ́n lò (nọ́ńbà yìí ń sọ bí epo ṣe lè fara da fífúnpọ̀ tó kó tó gbaná fúnra rẹ̀), ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka 91 lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí RON, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka epo níbí. 91 tiwọn ga ju 91 RON lọ. Tí wọ́n bá wá jẹ́ kí písítìnì tuntun máa fún epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo lè gbaná ṣáájú àsìkò, ẹ ó sì máa gbọ́ kọ̀ kọ̀ kọ̀ tí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ má fi orin bo ariwo yẹn mọ́lẹ̀.

Mo há sínú gosíló ní Sápọ̀n, sílíńdà ẹ̀yìn kú. Ṣé wọ́n ti ba tèmi jẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú báìkì wọ̀nyí ló ń fúnra rẹ̀ pa sílíńdà ẹ̀yìn tó bá dúró lójú kan tó sì gbóná jù. Ẹ rìn díẹ̀, á jí. Tí kò bá jí, ọ̀rọ̀ ti di ti mẹ́káníìkì.

Ṣé òfin kò kọ̀ ọ́?

Ní Amẹ́ríkà, Harley gbà ní 2016 láti san 12 mílíọ̀nù dọ́là ìtanràn fún ìjọba, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà láti fi tún kọ̀ǹpútà báìkì ṣe, tó ń mú kí èéfín burú sí i. Níbí, patíkúlà ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ sílíńdà nìkan lẹ pààrọ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Tó bá jẹ́ odindi ẹ́ńjìnnì ni, ẹ lọ yí ìwé padà kí ọlọ́pàá tó bi yín.

Ọ̀kadà lásán ni mo ní. Ṣé kí n fẹ̀ ẹ́?

Fífẹ̀ tí wọ́n ń fẹ̀ sílíńdà ọ̀kadà, nítorí pé ó ti jẹ ni. Kì í ṣe kó lè sáré. Bí tiyín kò bá mu ọ́ìlì, ẹ fi í sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ọlọ́kadà Pánṣẹ́kẹ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé èèyàn mélòó ni Harley yẹn lè gbé lẹ́yìn. Mo ní ẹyọ kan. Ó tan Bájájì rẹ̀, ó gbé èrò méjì, ó kọrí sí Kútọ̀.