Òwìwí Ara Ìbọn Kì Í Ṣe Ẹyẹ Àjẹ́

Ẹni kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́fà tó gbé ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Houston, tí ìbọn ọ̀hún ń dán gbinrin bí àwo ọjọ́ ìgbéyàwó, tó ní kí n bá òun díye lé e. Bí mo bá ti pe iye, ojú á yí padà. "Ẹ̀ńjíníà, igba dọ́là ni mo fi tún un ṣe o!" Mo mọ̀. Igba dọ́là yẹn gan-an ló pa á, nítorí ìbọn àtijọ́ tí wọ́n bá tún kùn kì í níye lórí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń yẹ ìbọn wò kó dáni lójú pé ọta kò sí nínú rẹ̀, n kò ní kọ ìyẹn síbí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ máa ṣa sítáǹpù jọ.

Ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣa ìbọn àtijọ́ jọ máa ń bi mí ni ibi tí a ti ń rí ìbọn tó ṣàjèjì, tí kò sì wọ́n. Ẹ fi Colt àti Luger, àwọn ìbọn olórúkọ ńlá, sílẹ̀ fún olówó. Ohun tí àwọn èèyàn ń fojú fò ni kí ẹ máa wá: èyí tí ọta rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, èyí tí ìrísí rẹ̀ kò wuni. Nígbà kan, Nagant tí ìjọba Rọ́ṣíà gbà fún ọmọ ogun ní 1895 kò tó ọgọ́rùn-ún dọ́là níbí. Ọta méje ló ń gbà, sílíńdà rẹ̀, ibi tí ọta ń jókòó sí, a sì sún síwájú lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìbọn kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè jáde láàárín wọn. Àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó le láti fà. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lónìí.

Èyí tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù ṣì tó ni Iver Johnson. Mo ṣì ń rí i ní ilé ìfidógò àti níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé, ní igba dọ́là tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ ìkọ́ òkè, ẹ ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo èèpo ọta á fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Norway ni Iver Johnson fúnra rẹ̀. Ó dé Massachusetts ní 1863. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń rọ ìbọn, ó tún ń ṣe kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ wọn ni Major Taylor, aláwọ̀ dúdú tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1899, fi sáré ní 1900. Ìbọn wọn náà ni Leon Czolgosz yìn lu McKinley, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Buffalo ní 1901. Wọ́n máa ń polówó rẹ̀ pé kí oníbàárà fi òòlù lu òòlù ìbọn náà, kò ní dún. Òótọ́ ni. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín òòlù àti abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta. Àfi téèyàn bá fa ohun tí a ń fi ìka fà délẹ̀ ni irin yẹn tó ń gòkè wá gba ìlù. Alágbẹ̀dẹ ló ronú ìyẹn kàn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹ má dán an wò nílé mi o.

Ẹ wá wo èèkù rẹ̀. Orí òwìwí wà lára rọ́bà líle tí wọ́n fi bò ó, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí òwìwí bá kọjú sí ẹnu ìbọn, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n rọ ìbọn yẹn fún. Bó bá kọjú sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú, ó jẹ́ ti 1909 síwájú, ó lè gba ẹ̀tù tí kò léèéfín, ìyẹn ti ìgbàlódé. Ẹ̀tù dúdú, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń rọ sínú ṣakabùlà, ń ti ọta lọ bí ẹni ń ti mọ́tò. Ẹ̀tù ìgbàlódé ń ta á nípàá bí ẹṣin. Irin tí kò mọ ìpá ẹṣin, ẹ má gbé e síwájú ẹṣin.

Alàgbà kan nínú ìjọ wa, ẹni ọ̀wọ̀ tí mo ń dọ̀bálẹ̀ kí, ra ọ̀kan báyìí. Wòlíì kan rí òwìwí yẹn, ó ní ẹyẹ àjẹ́ ni, pé òun ló ń fa ìjà nínú ilé. Wọ́n tú rọ́bà náà, wọ́n dáná sun ún lẹ́yìn ìsọjí. Alàgbà fi pákó pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀. Ó tún gbé ìbọn náà fún ọmọ kan tó ń kun ìdí mọ́tò ní níkẹ́lì, ó ní kó bá òun "sọ ọ́ di tuntun." Ló bá ra páálí ọta ìgbàlódé .38 S&W, ìwọ̀n ọta tí ìbọn náà ń gbà, ó di pápá.

Ìgbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ìkọ́ òkè ń mì bí eyín arúgbó. Sílíńdà kò dúró déédéé mọ́ sí ẹnu ọ̀pá, ni òjé bá ń bó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Egé kan tó rí bí èékánná ọmọ tuntun ti gé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó lẹ báńdéèjì mọ́ ọn, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé abẹ fífárí ni. Mo tú èèkù: sípíríngì pẹlẹbẹ ni mo bá níbẹ̀. Ti ẹ̀tù dúdú ni. Ti ìgbàlódé máa ń wé bí ti báírò ni. Òwìwí tí wọ́n dáná sun ìbá ti sọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kùn ún yìí, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Èyí tí wọ́n kun ní níkẹ́lì láti ilé iṣẹ́, irin tó yí ohun tí a ń fà ká máa ń dúdú bí aró. Bí gbogbo rẹ̀ bá funfun, wọ́n ti tún un kùn, oníṣòwò tó gbọ́n á rí i kó tó fọwọ́ kàn án. Òróró díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Epo pupa kọ́! Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, mo mọ ohun tí Ògún ń jẹ, àmọ́ inú òtútù ni epo pupa ti ń dì, á sì dì mọ́ sípíríngì.

Ti òfin: èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1899, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò kà á sí ìbọn rárá. Fún èyí tó ti pé àádọ́ta ọdún, ìwé àṣẹ akójọ wà, ọgbọ̀n dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe fún òwò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bi mí bóyá ẹ lè fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí bàbá yín ní Ìjẹ̀bú kó fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀: òfin ìbọn Nàìjíríà ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí èèwọ̀, títí kan olókùúta ìṣáná ti ayé àtijọ́. Ṣé àtìmọ́lé ni ẹ fẹ́ kí bàbá ti ṣe ọjọ́ ìbí?

Alàgbà ti ra òmíràn báyìí, sípíríngì rẹ̀ wé dáadáa, èèkù rẹ̀ nìkan ló ti fọ́. Mo sọ fún un pé wọ́n ń ta rọ́bà tuntun tó ní òwìwí lára, àmọ́ kó má fi èyí tí wọ́n pààrọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ẹnikẹ́ni lè fi èyí tó kọjú síbi tó wù ú sí i. Sípíríngì ni kó máa bi. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé kò sí èyí tó ń sùn?"