Iná fọ́wíìlì tàn, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan

Nígbà tí òjò bá ti rin ilẹ̀ pupa Òkè-Òde àti Ìsin gbingbin, píkọ́ọ̀pù tó lọ kó iṣu lóko kì í pẹ́ rì. Awakọ̀ á fa ọwọ́ fọ́wíìlì, èyí tó yẹ kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà, iná rẹ̀ á tàn, síbẹ̀ ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó á rí i pé ẹsẹ̀ iwájú kan ń yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ń yí, méjì tó kù dúró gbagidi. Àwọn èèyàn á ní fọ́wíìlì ti bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ohunkóhun má ṣe é.

Dífúrẹ́ńṣà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìkòkò irin tó wú síta láàárín ásù, irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì. Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà ní Ọ̀ffà Gáréèjì nílùú Ìlọrin, ẹsẹ̀ apá òde ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹsẹ̀ inú lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá so méjèèjì pọ̀, ọ̀kan á máa wọ́ nílẹ̀, táyà á sì jẹ. Jíà wẹ́wẹ́ inú dífúrẹ́ńṣà ló ń jẹ́ kí oníkálukú yí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí kráùn, jíà ńlá inú rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí, bá yí ní ìgbà 10, àròpọ̀ yíyí ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 20. Ó lè jẹ́ 10 àti 10, ó lè jẹ́ 8 àti 12. Bí ọ̀kan bá dúró pátápátá, èkejì ló máa yí 20 náà tán.

Yíyí wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n agbára kì í yàtọ̀. Dífúrẹ́ńṣà tí kò ní lọ́ọ̀kì (ohun tó ń de ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè máa yí bákan náà) ń pín agbára dọ́gba sọ́tùn-ún sósì, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà lóye. Ẹ wo okùn tó gba orí kẹ̀kẹ́ irin kànga kọjá, tí ẹni méjì di orí rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹnì kan bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ẹnì kejì ò rí nǹkan fà mọ́, bó ti wù kó lágbára tó. Okùn á kàn máa ṣàn lọ ni. Táyà tó wà nínú ẹrọ̀fọ̀ ni ẹni tó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀nba agbára tí ẹrọ̀fọ̀ náà lè gbà ni ẹsẹ̀ kejì tó wà lórí ilẹ̀ líle máa rí.

Fọ́wíìlì ò yí òfin yìí padà. Ohun tó ṣe ni pé ó so pòròpẹ́là iwájú, irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí dífúrẹ́ńṣà, mọ́ ti ẹ̀yìn, kí méjèèjì máa yí bákan náà. (Ìdí nìyẹn tí kò fi dára láti wà á lórí ọ̀dà gbígbẹ láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpò: ní kọ́nà, iwájú àti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n ọ̀nà kan náà, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ara wọn.) Lórí ilẹ̀ tó dọ́gba, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lóòótọ́. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan bá jọ pàdánù ilẹ̀, ó parí. Lọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló ń gba awakọ̀ níbẹ̀, tàbí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó mọ bí a ṣe ń tẹ búréèkì ẹsẹ̀ tó ń yí lásán nìkan, kí agbára lè dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Ìṣòro kejì fara pẹ́ èyí, ṣùgbọ́n àbùkù gidi ni. Nínú àwọn Hilux kan, àti nínú Jeep Cherokee kan ti àwọn ọdún 1980, wọ́n gé ṣáàfù iwájú, irin tó ti dífúrẹ́ńṣà lọ sí ẹsẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan sí méjì, wọ́n fi òrùka irin tó ń sún síwá sẹ́yìn so ó. Bí a bá yọ fọ́wíìlì, òrùka náà á sún kúrò. Ẹ̀gbẹ́ kan péré tí wọ́n gé ti tó: ẹsẹ̀ tí a kò gé ń yí síwájú, kùkùté ṣáàfù tó wà ní òdìkejì ń yí sẹ́yìn bákan náà, kráùn àti pòròpẹ́là iwájú á sì dúró jẹ́ẹ́. Epo àti irin la fi pamọ́. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ṣùgbọ́n bí òrùka bá kọ̀ láti padà, pòròpẹ́là á yí, kráùn á yí, kùkùté tí kò so mọ́ nǹkan kan á sì gbà gbogbo rẹ̀. Okùn kànga náà ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ló já, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ni kò ní fà, bí ọwọ́ tiẹ̀ wọlé dáadáa.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Kí awakọ̀ wọ fọ́wíìlì, kó rìn díẹ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì láìyọ fọ́wíìlì. Kó fi òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kó sì fi ìdúró irin tì í. Bó bá fọwọ́ yí ọ̀kan síwájú, èkejì gbọ́dọ̀ yí sẹ́yìn. Bí èkejì ò bá mira, kó tó di pé mẹkáníìkì tú jíà, kó kọ́kọ́ wo rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ síbi òrùka náà, tàbí wáyà rẹ̀ bó bá jẹ́ oníná. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí rọ́bà bẹ́ẹ̀ gan, kó sì sán.