Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni líífìtì mọ́tò ti wá

Àwa tá a dàgbà sí Àgbádárìgì níbí, abẹ́ igi máńgòrò la ti mọ yíyọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá á fi chéènì bílọ́ọ̀kì kọ́ ẹ̀ka tó bá nípọn, àwọn ọmọṣẹ́ á máa fà á, ẹ́ńjìnnì á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá ti mọ́tò sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ẹ̀, gbogbo ìgbà yẹn ọ̀gá ò ní yéé pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má kọjá níbẹ̀ torí ẹ̀ka máńgòrò kì í kìlọ̀ kó tó ya.

Líífìtì ní tiẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé odindi mọ́tò sókè kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ṣàwàdà o. Peter Lunati, ará Memphis ní Amẹ́ríkà, ló rí bí àga onígbàjámọ̀ ṣe ń gbé èèyàn sókè, ló bá ní kí ló dé tí mọ́tò náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. 1925 ló gba pátẹ́ẹ̀ǹtì ẹ̀, ìyẹn ìwé pé òun ló ni ọgbọ́n náà. Òpó kan péré ló ní, inú ilẹ̀ ló ti ń yọ jáde, mọ́tò sì lè yí po lórí ẹ̀, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ ẹ̀ ti mú orúkọ Rotary. Ọgbọ́n ìdí ẹ̀, kí ohun olómi tí wọ́n tẹ̀ nínú páìpù máa ti nǹkan sókè, tiẹ̀ dàgbà jù ú lọ, Joseph Bramah ti ń fi omi inú páìpù tẹ ohun tó wúwo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1795.

Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnnì dábùú níwájú, bíi ti Mini lọ́dún 1959, tóun àti gíábọ́ọ̀sì jọ so pọ̀, ni ìsàlẹ̀ di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ṣebí àwa ti mọ ọgbọ́n yẹn lára Ìjàpá, èyí tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà wa níbí lọ́dún 1975: nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló di ẹ́ńjìnnì ẹ̀ mú lẹ́yìn, tú u, gbé ìdí mọ́tò sókè, ẹ́ńjìnnì á jókòó sílẹ̀ ní tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ti wá ri líífìtì òpó méjì mọ́ kọnkéré nínú gáréèjì ilé wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì Sienna, wọ́n ti tábìlì onítáyà sábẹ́ ẹ̀, wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi bà lé e, wọ́n fi bẹ́líìtì de ìdí mọ́tò mọ́ apá líífìtì (tí ẹ́ńjìnnì bá ti kúrò, iwájú á fúyẹ́, ẹ̀yìn lè rẹ̀ sílẹ̀ lójijì), wọ́n tú nọ́ọ̀tì, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Mọ́tò gòkè, kà, kà, kà, lọ́ọ̀kì ń hán an, ẹ́ńjìnnì ò mira.

Ni NEPA bá mú iná. Kò já bọ́ o, lọ́ọ̀kì gbé e dúró, àmọ́ kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ àfi kó kọ́kọ́ gòkè díẹ̀ kí lọ́ọ̀kì tú, iná ló sì ń gbé e gòkè. Bàbá mẹkáníìkì wa àtijọ́ tó wá wòran ní, "Máńgòrò tèmi ò mọ NEPA." Ẹ̀gbọ́n ò dá wọn lóhùn, wọ́n ní kí n sáré lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ wá.