Ibi tó yẹ kí bátìrì lithium wà nínú ọkọ̀ onígbòkun

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun tó ti lo ọdún 20 tàbí 30 lórí omi, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni bátìrì máa ń wà. Wáyà kúrú níbẹ̀, alternator tó ń ṣáàjì wọn ò jìnnà, bátìrì olójé àtijọ́ sì lè fara da ooru díẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá wá fẹ́ fi lithium rọ́pò olójé, ohun tó rọrùn jù ni kó yọ ti àtijọ́, kó sì gbé tuntun sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lithium tí wọ́n sábà máa ń gbé sínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni LiFePO4, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní LFP, irú èyí tó wà nídìí ọ̀pọ̀ inverter ní Èkó àti Ìbàdàn lónìí. Ọdún 1997 ni John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ní Yunifásítì Texas gbé e jáde fún aráyé. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń mú 3.2 fóòtì (volt) wá; mẹ́rin tí wọ́n so tẹ̀ léra di 12.8. Kì í tètè gbiná bíi lithium inú fóònù, ìdí nìyẹn tí àwọn atukọ̀ fi gbà á. Nínú ilé, ẹni tó bá ti kan bátìrì mọ́ ògiri ti parí iṣẹ́. Ilé kì í fì sápá kan, omi kì í sì í wọ pálọ̀ (ẹ jẹ́ ká fi Lẹ́kí lásìkò òjò sílẹ̀ ná). Nínú ọkọ̀, ooru, omi, ìwúwo àti gígùn wáyà ló jọ ń du ibi kan ṣoṣo, ohun tó tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn sì lè bí èkejì nínú.

Ooru ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe LFP ló kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí wọ́n má ṣáàjì í bí ara rẹ̀ bá ti gbóná ju 45°C lọ. Yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré lójú òkun Karibíà lè kọjá 50°C nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Bí wọ́n bá sì pa á, ibẹ̀ tún máa ń gbóná sí i fúngbà díẹ̀: omi tó ń tu irin náà lára ti dúró, irin ṣì gbóná janjan, ooru rẹ̀ ò sì ríbi gbà jáde.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́ pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú ibẹ̀ gbóná náà ló ń yí alternator tó ń ṣáàjì bátìrì. Lithium kì í sọ pé ó tó: gbogbo áńpù tí alternator bá lè gbé wá ló ń gbà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Alternator fúnra rẹ̀ á gbóná, á tún dá kún ooru yàrá náà. Pátákó BMS tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì á rí i pé ooru ti kọjá ààlà, á sì já iná lójijì. Alternator tó ń da 80 áńpù jáde ò ní rí ẹni gbà á mọ́. Fóòtì rẹ̀ á fò sókè kí ojú tó ṣẹ́, díódù inú rẹ̀ á jóná, ó sì lè kó rédíò àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn dání lọ. Àwọn rewáyà ọkọ̀ ní oògùn rẹ̀, bíi kí alternator máa ṣáàjì bátìrì olójé tó ń jí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ̀rọ DC-DC sì máa bù nínú rẹ̀ fún lithium. Oògùn tó dára, ṣùgbọ́n kí bátìrì má tiẹ̀ sí nínú yàrá yẹn rárá ló dára jù.

Ooru oòrùn náà ń bẹ. Àpótí abẹ́ ìjókòó tó wà níta, níbi tí atukọ̀ ń jókòó sí, máa ń wu èèyàn torí ó láyè, ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, inú rẹ̀ á máa hó. Ara ọkọ̀ tí wọ́n kùn ní dúdú tàbí búlúù ṣíṣú náà ń gbé ooru wọlé. Ohun tó ń gba ni lọ́wọ́ oòrùn ni òkun fúnra rẹ̀. Omi Karibíà kì í sábà kọjá 30°C, nítorí náà àyè tó wà nísàlẹ̀ ojú omi, tí òkun fara kan lóde, máa ń tutù tọ̀sán tòru.

Lápá Sweden àti Scotland, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. LFP kò gbọdọ̀ gba iná nígbà tí ara rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 0°C. Lithium á lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì dípò kó wọnú rẹ̀, ìyẹn sì ń bà á jẹ́ títí láé. Ọkọ̀ tó wà lórí omi ṣì ń rí ìlọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ gbà lára òkun. Èyí tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ ní oṣù Kìíní ò rí irú rẹ̀, sólà orí rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ọ̀gá ti lọ sílé. Bí BMS ò bá dá a dúró, ó ń ṣáàjì lọ ni.

Bí ìsàlẹ̀ bá tutù, kí ló dé tí wọn ò gbé bátìrì sí ìsàlẹ̀ pátápátá? Ibẹ̀ ni gbogbo omi inú ọkọ̀ ń ṣàn lọ: òjò tó bá òpó ìgbòkun wọlé, omi tó ń kán nídìí ọ̀pá propeller, omi ìwẹ̀. Omi iyọ̀ á jẹ orí bátìrì, á sì wọ inú BMS. Bí ọkọ̀ bá wá lu lóòótọ́, bátìrì tó wà nísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rì. Páǹpù tó yẹ kó fa omi jáde á kú, rédíò tí wọ́n fi ń ké gbàjarè á tẹ̀ lé e. Gíga ibi tí wọ́n gbé e sí sì lè tanni jẹ. Ní èbúté, ọkọ̀ dúró ṣánṣán, omi inú rẹ̀ wà láàárín. Tó bá ń dojú kọ atẹ́gùn lójú agbami, ó lè fì sápá kan ní dígíríì 20 sí 25 láti àárọ̀ di alẹ́, omi ìsàlẹ̀ á sì gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sínú àpótí tí gbogbo ayé rò pé ó ga tó. Nítorí náà àyè tó kù kò fẹ̀: ó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ojú omi tòde, kó sì ga ju omi tinú lọ, ní ọ̀nàkọnà tí ọkọ̀ bá fì sí.

Ìwúwo ò le tó ti àtijọ́. Bátìrì olójé 100 Ah máa ń tó 28 sí 30 kìlógíráàmù. LFP tó bá a dọ́gba máa ń wà láàárín 11 sí 13, ó sì ṣeé lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tí olójé ò fẹ́ kí wọ́n lò ju ìdajì lọ. Bí olójé mẹ́rin bá jáde tí LFP méjì wọlé, ọkọ̀ ti pàdánù nǹkan bí 90 kìlógíráàmù, àfi bí ẹni pé géńdé kan tó ti jókòó sápá kan láti ọjọ́ yìí wá kàn dìde lọ. Ọkọ̀ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í fì sí apá kejì, ẹni tó ni ín á sì máa wá ohun tó ṣe é kiri.

Ìdè rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Nínú ìdíje ọkọ̀ onígbòkun Fastnet ti 1979, ọkọ̀ 303 ló gbéra, ìjì dojú ọ̀pọ̀ nínú wọn dé, atukọ̀ 15 sì kú. Nínú ọkọ̀ tó bá dojú dé, àjà ló di ilẹ̀, ohun tí wọn ò dè á di òkò. ABYC, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà ìkọ́kọ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní bátìrì ò gbọdọ̀ sún ju íǹṣì 1 lọ bí wọ́n bá fi agbára 90 pọ́n-ùn, tàbí ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀ bí ìyẹn bá kéré jù, fà á fún ìṣẹ́jú kan. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ ìjókòó ò lè gba irú ìyẹn dúró. Ara ọkọ̀ gan-an ni kí wọ́n de ìgbànú náà mọ́.

Wáyà ló máa ń fa bátìrì padà síhà ẹ́ńjìnnì. Iná 12 fóòtì ò fẹ́ ìrìn jíjìn. Inverter 2,000 wáàtì á fa ohun tó lé ní 170 áńpù. Bó bá jìnnà sí bátìrì ní mítà 3, mítà 6 ni iná náà máa rìn ní àlọ àti àbọ̀. Wáyà kọ́pà 70 mm² á jẹ nǹkan bí 0.25 fóòtì lójú ọ̀nà. Wáyà 35 mm² á jẹ ìdajì fóòtì, ìyẹn nǹkan bí 85 wáàtì tó kàn ń di ooru lásán. Ó sàn kí inverter bá bátìrì kó lọ, kí wáyà gígùn wá jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń fa ìdákọ̀ró, tí kì í ṣiṣẹ́ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kí wọ́n má kàn jọ há méjèèjì sínú àpótí kan, torí inverter náà ń tú ooru jáde.

Àyè fíùsì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìlànà ABYC fẹ́ kó wà láàárín íǹṣì 7 sí orí bátìrì. Bí wáyà LFP bá bíríìjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fíùsì tí kò lágbára á yọ́, iná á sì máa fò kọjá láàárín rẹ̀. Fíùsì Class T, tó lè já 20,000 áńpù, ni ọ̀pọ̀ rewáyà ọkọ̀ ń lò. Ó tóbi, ó wọ́n, wọ́n sì máa ń rántí rẹ̀ lẹ́yìn tí àpótí ti kún.

Nínú ọkọ̀ tó gùn tó mítà 11 tàbí 12, abẹ́ ìjókòó pálọ̀, nítòsí òpó ìgbòkun, ló máa ń borí. Olójé ò lè gbé ibẹ̀ láìsí ihò atẹ́gùn, torí ó ń tú gáàsì hydrogen jáde nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì í. LFP tí ara rẹ̀ yá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tó bá bàjẹ́ pátá lè tú gáàsì tó ń gbiná, tó sì lóró, jáde. Abẹ́ ìjókòó sàn ju abẹ́ ibùsùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ibùsùn ni àwọn kan ń gbé e sí. Bí bátìrì bá ju ọ̀kan lọ, kí wọ́n jọ wà lójú kan, kí wáyà wọn sì gùn dọ́gba. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tí wáyà rẹ̀ kúrú jù ni yóò máa ṣe iṣẹ́ èkejì mọ́ tirẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ gbó. Ìlànà irú iṣẹ́ yìí ò tíì pẹ́: ISO/TS 23625 ti àjọ ìlànà àgbáyé jáde ní 2021, ABYC E-13 ní 2022.

Abẹ́ ìjókòó yẹn kan náà ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ńpáàsì ẹ̀rọ tó ń tukọ̀ fúnra rẹ̀ sí, torí àárín ọkọ̀ ni mímì ti kéré jù. Wáyà tó gbé 170 áńpù sì ń ṣe bíi mágínẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá lọ́ wáyà pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù mọ́ra, èkíní á máa pa agbára èkejì. Láti mọ̀ bóyá ó tó, kí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ èbúté, kí wọ́n fi inverter se omi tíì, kí ẹnì kan sì máa wo nọ́ńbà kọ́ńpáàsì. Bí nọ́ńbà bá yí, kọ́ńpáàsì ni kí wọ́n gbé kúrò. Ó fúyẹ́, wáyà rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì béèrè ìgbànú.